Ilé Ìkàwé Tí Bàbá Àgbà Sùn Sí

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìsọlọ̀, a kì í gún iyán lọ́sàn-án. Kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, kì í sì í ṣe pé iṣu wọ́n wa. Ilé ìkàwé ìlú ló wà níwájú, àwa ń gbé lẹ́yìn rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ láàárọ̀, odó ti di ìjókòó nìyẹn títí wọn yóò fi tì í nírọ̀lẹ́. Ìyá mi a máa gún iyán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a fi ewé bò ó nínú abọ́ onídèérí, a ó sì jẹ ẹ́ lọ́sàn-án nígbà tó bá ti tutù tó sì ti le díẹ̀. Títí di òní, iyán gbígbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn lẹ́nu mi. Ọmọ tó bá ń ké, wọn a gbé e lọ sí ìta kí ó lọ ké tán níbẹ̀. A kò gbọdọ̀ pariwo pe ara wa láti ìdí kànga. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹlòmíì ní láti rìn lọ bá a. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń ṣọ́ òfin yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó máa ń wí pé, “Ẹni tó ń kàwé, ẹni tí kò sí nítòsí ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá pariwo, kò ní gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń wí.” Bààlúù nìkan ni apá rẹ̀ kò ká. Orí òrùlé wa ni wọ́n ń gbà kọjá bí wọ́n bá fẹ́ balẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, páànù a máa gbọ̀n, àwọn tó ń kàwé a gbé orí sókè, Ìyá Àgbà náà a gbójú sókè, a máa wò ó tìbínú-tìbínú títí yóò fi kọjá sí apá Àjàó Estate, bí ẹni tó ń wo ọmọ aládùúgbò tí kò gbọ́ràn.

Ó yẹ kí n sọ bí ilé náà ṣe di ilé ìkàwé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Ìjọba kọ́ ló kọ́ ọ. Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, ló kọ́ ọ. Pákó ló ń tà. Ó kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan síwájú ilé nítorí ó ń retí pé ọmọ òun yóò pọ̀ dé ibi tí yàrá lásán kò ní gbà wọ́n. Ọmọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn ṣófo, ó di ibi tí wọ́n ń to pákó sí, títí tí olùkọ́ kan tó yá yàrá ládùúgbò fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá Àgbà kò kàwé, ṣùgbọ́n ó gbà, ó sì fi pákó ara rẹ̀ kan bẹ́ńṣì fún wọn. Àwọn òbí mú ìwé àlòkù wá. Àwọn ayálégbé tó ń kó lọ fi tiwọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, káńsù wá, wọ́n ní àwọn yóò máa bójú tó o, àwọn yóò fi òṣìṣẹ́ síbẹ̀, kí ó lè di ti gbogbo ìlú. Bàbá Àgbà ní kò burú. Kò ta ilẹ̀, kò sì ta ilé. Gbọ̀ngàn nìkan ló yọ̀ǹda, ó sì sọ ọ́ lójú àwọn àgbà àdúgbò pé ọjọ́ tí káńsù bá kó ìwé jáde, gbọ̀ngàn ti padà di ti ìdílé. Gbólóhùn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí.

Nígbà tí Bàbá Àgbà kú, inú gbọ̀ngàn náà ni wọ́n sin ín sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ládùúgbò wa nígbà yẹn, Mùsùlùmí ni o, onígbàgbọ́ ni o: inú ilé tí bàbá bá kọ́ ló ń sùn sí. Àwọn ará káńsù ìgbà náà kò sọ nǹkan kan, ọmọ àdúgbò ni wọ́n. Ẹ̀bá ògiri ẹ̀yìn ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ títí tó fi ń dán, wọ́n sì gbé tábìlì kan lé e lórí. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù. Àwọn tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá a tilẹ̀ máa du tábìlì náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó ti Bàbá kì í fìdí rẹmi. Èmi ni mo ń gbá gbọ̀ngàn náà kí n tó lọ sí ilé ìwé, mo sì ń fi aṣọ nu eruku kúrò lára ìwé nígbà ọyẹ́. Bí mo ti ń gbá a, Ìyá Àgbà a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, a máa ròyìn ilé fún ọkọ rẹ̀: ẹni tó bímọ, ẹni tó kó lọ, ẹni tí kò kí i dáadáa lánàá. Lẹ́yìn náà a fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ apá òsì, a ní, “Àyè tèmi rèé o. Ẹ má gbé kọ́bọ́ọ̀dù síbẹ̀.” Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ìkàwé ayé ṣe rí. Nígbà tí tíṣà wa bi wá ní kíláàsì pé kí ni a lè rí nínú ilé ìkàwé, mo nawọ́ sókè, mo ní, “Ìwé, tábìlì, àti òórì.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òórì ta ni. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, “Bá mi kí wọn.”

Òjò pẹ́ lọ́dún náà. Mo ti sọ ọ́ nígbà kan rí pé ẹ̀ẹ̀rùn ló pẹ́, ṣùgbọ́n àṣìsọ ni, nítorí mo rántí pé òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, a sì ń gbé abọ́ kiri láàárín àwọn ìwé, a ń da omi nù, a ń gbé e padà. Nítorí jíjò yìí ni ọ̀gá kan ṣe wá láti káńsù. Ó de táì, ó sì ní sùúrù. Ìyá Àgbà jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ mọlémọlé, dúró tì í. Ọ̀gá náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó wo ẹrẹ̀, ó wá fi ọwọ́ kan ilẹ̀ nìkan.

“Mama, ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí. A fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, a fẹ́ lẹ táìlì, a sì fẹ́ kó ìwé tuntun wá.”

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣe é.”

“Àmín, Mama. Òórì Baba, a ò ní fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ti wà níbẹ̀.” Ó fa táì rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó fà á sósì. “Ohun tó kàn kù ni pé kò tún gbọdọ̀ sí òmíì. Òfin ìsinsìnyí yàtọ̀ sí tàtijọ́. Bí wọ́n bá tún sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀, a máa ní láti kó ìwé wa lọ síbòmíì ni.”

“Ẹnikẹ́ni,” ni Ìyá Àgbà wí. “Èmi náà lẹ wá ń pè ní ẹnikẹ́ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Mama, mi ò dárúkọ yín.”

“Lóòótọ́, ẹ ò dárúkọ mi. Ojú mi lẹ kàn ń wò.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá náà kò mọ̀ bóyá kí òun náà rẹ́rìn-ín.

Àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Káfárù, kò sí nílé nígbà náà. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Apakun, lábẹ́ agbòjò ńlá kan tí afẹ́fẹ́ ti ya létí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo gbọ̀ngàn bàbá rẹ̀, tó ń rò ó bí yóò ti rí bí wọ́n bá gé e sí sọ́ọ̀bù. N kò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí òjò ń pa lójoojúmọ́, tó mọ̀ pé bàbá òun ní òrùlé, yóò rò ó. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá káńsù sọ, ó fi òkèlè ẹ̀bà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́.

“Ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Ìyá sí fún wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni wọ́n ń lọ. Bí káńsù bá ń bínú, kó kó ìwé ẹ̀ máa lọ. Ilé padà di tiwa. Sọ́ọ̀bù mẹ́rin ni yóò jáde níbẹ̀.”

“O ti gé ilé sí sọ́ọ̀bù lórí òkú ẹni tí ò tíì kú,” ni bàbá mi wí.

“Bọ̀ọ̀mi, kí lẹ̀bi tèmi níbẹ̀? Èmi ni mo dá àṣà sílẹ̀? Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ni. Àbí ibo lẹ fẹ́ gbé wọn lọ? Ẹ̀yìnkùlé?”

Lọ́dọ̀ tiwa, inú ilé ni ti àgbà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ sì ni ti ìyàwó. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sin àlejò tí kò ní ará, àti ọmọ ọwọ́ tó bá kú. Kí wọ́n gbé ìyá ọlọ́mọ lọ síbẹ̀, bí ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ tì í síta tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ni. Ní ti itẹ́ òkú ìjọba, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò lè lọ sùn láàárín àwọn tí òun kò kí rí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn: bí ó bá sùn ti ọkọ rẹ̀, ilé ìkàwé ti parí; bí kò bá sì sùn tì í, ojú ti gbogbo ìdílé.

Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé e dè. Àkàmù nìkan ló kù tí ó ń mu, èmi ni mo sì ń gbé e lọ fún un. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Ìyá Àgbà, ṣé ẹ máa kú ni?” Ó ní, “Ta ni kì í kú? Lọ fi ṣúgà sí i.” Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbọ̀ngàn, ó sì máa ń tẹ́tí sí ìró bẹ́ńṣì àti ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń kàwé. Ọmọ àwọn ayálégbé ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, tí gbogbo ilé wọn ń sùn sí yàrá kan, tí kò sí ibi tí wọ́n lè ṣí ìwé sí bí kò ṣe ibẹ̀. Àǹtí tó ń bójú tó ìwé, tó ń ti Ailegun wá síṣẹ́, mú díẹ̀ nínú wọn gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé láti wá kí Ìyá Àgbà nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ sáàárín abọ́ àti bàtà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún wọn pé ohun tí wọ́n kà kò ní sá mọ́ wọn lórí. Nígbà tí wọ́n ti jáde, Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mama, wọ́n ń bi mí bóyá a máa kó lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn.” Ìyá Àgbà ní, “Sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kàwé.” Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí lọ tán, ó yí ojú sí ògiri, kò sì mu àkàmù rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ó ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé. Mò ń fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí n jáde. Oríkì wọn ló fi pè wọ́n.

“Àlàní, Àjàní, ẹ jókòó. Mo ti mọ ibi tí ẹ máa sin mí sí.”

“Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni, Ìyá,” ni Bọ̀ọ̀dá Káfárù wí. “Ẹ má ronú sí i. Kò sẹ́ni tó máa…”

“Jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ìdí àgbọn. Àárín igi àgbọn àti ògiri gbọ̀ngàn, níbi tí gbọ̀ngàn ti gùn kọjá ilé dé ẹ̀yìnkùlé.”

“Ẹ̀yìnkùlé? Ìyá! Kí lẹ ṣe fún wa tá a máa sin yín sẹ́yìnkùlé? Kí làwọn èèyàn máa wí?” ni Bọ̀ọ̀dá Káfárù tún wí.

“Wọ́n á wí i, á sì rẹ̀ wọ́n.” Ó mí kanlẹ̀. “Rábíátù wà níbẹ̀.”

N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun ti gbọ́ ọ rí. Ọmọdé ni nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, àti láti ìgbà náà kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ilé náà. Bọ̀ọ̀dá Káfárù ni Ìyá Àgbà bí tẹ̀ lé e. Kò mọ̀ rárá pé ẹnìkan ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tó sì sọ̀ kalẹ̀.

“Wọn kì í fi han òbí,” ni bàbá mi wí jẹ́jẹ́. Òótọ́ ló sọ. Bí ọmọ kékeré bá kú, àwọn àgbà ni yóò gbé e lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ìyá tàbí bàbá rí ojú òórì rẹ̀, kí ọkàn wọn má baà máa lọ síbẹ̀.

“Wọn ò fi hàn mí. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbá ẹ̀yìnkùlé? Èmi náà ni. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ ju tàná lọ?” Ó sinmi, ó tún ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Bàbá yín ò dá wà. Ojoojúmọ́ lọmọ ń jókòó tì í. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ í bá a sọ, màá kan ògiri. Ta ló jókòó ti ọmọ mi? Eyín ló ń dùn ún, ó ń sunkún títí tó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́, tí wọ́n wá gbà á. Ẹ jẹ́ n lọ bá a.”

Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ títí di ìsinsìnyí pé ìyá kan fi àyè rẹ̀ jìn fún ilé ìkàwé, pé nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló ṣe gbà kí wọ́n sin òun síta. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìkankan nínú ìwé tí mo kà tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ìgbà tí mo bímọ ni mo tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé mò ń bá wọn sọdá títì ní Òṣòdì bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ga jù mí lọ. Mo ń dìde lọ wò ó bóyá wọ́n ń mí lójú oorun. Ọmọ mi obìnrin a ní, “Mọ́mì, búrẹ́dì ni mo fẹ́ lọ rà o, kì í ṣe ojú ogun.” Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú ìdílé wa tó gbá ilẹ̀ yí ọmọ rẹ̀ ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń sá aṣọ lókè ibẹ̀, tó ń kọ̀ fún wa láti da omi gbígbóná síbẹ̀, tí kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bá rántí rẹ̀, n kì í tijú ẹ̀rù tó ń bà mí mọ́.

Ìyá Àgbà kú láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣí ilé ìkàwé. Mùsùlùmí ni wá, kí ilẹ̀ tó ṣú ó gbọ́dọ̀ ti wọlẹ̀. Bí wọ́n ti ń wẹ òkú rẹ̀ lọ́wọ́ ni aládùúgbò wa kan, Ìyá Ṣèyí, ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: “Gbogbo ilé ńlá yìí, ìdí àgbọn ni wọ́n máa sin ín sí bí ọmọ ọwọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n bí irú ọmọ báyìí.” Bọ̀ọ̀dá Káfárù gbọ́ ọ. Ó wọ yàrá, ó gbé dígà jáde, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bàbá mi ti dúró síbẹ̀.

“Bọ̀ọ̀mi, ẹ kúrò lọ́nà.”

“O gbọ́ ohun tí Ìyá wí.”

“Aláìsàn ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń wí i. Mo ti fi sọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ gbọ́? Mi ò fẹ́ sọ́ọ̀bù mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ìyá mi lọ sẹ́yìnkùlé kí gbogbo ayé máa fi mí bú.”

Bàbá mi wò ó. Lẹ́yìn náà ó kúrò lójú ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn sẹ́yìn. “Wọlé. Gbẹ́ ẹ. N kò ní dì ọ́ lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sí ìdí àgbọn, kí o sọ fún Rábíátù pé ìyá rẹ̀ ò wá mọ́.”

Bọ̀ọ̀dá Káfárù dúró. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ lára dígà, tó ń fún un, tó ń tú u. Kò wọlé. Ó yí padà, ó gba àárín àwa ọmọdé kọjá lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. Ó dúró láàárín igi àgbọn àti ògiri, ó gbé dígà sókè. Ó gbé e sókè, kò lè sọ ọ́ sílẹ̀.

“Apá ibo lorí ẹ̀ kọ sí?”

“N kò mọ̀,” ni bàbá mi wí. “Ọmọdé ni mí nígbà yẹn.”

Ó rọra gbé dígà ti ògiri. Ó ká apá aṣọ funfun tó wọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́yìn òmíì, ó ń fi ìka tẹ ilẹ̀ wò kí ó tó gbà á. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé ṣọ́bìrì wọn dé láti ràn án lọ́wọ́, nítorí oòrùn ti ń lọ, kòtò kò sì tíì jìn. Kò gbójú sókè. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún amọ̀, ó fi dá wọn dúró.

“Ẹ rọra,” ó ní. “Ẹ rọra o. Ọmọ wà níbẹ̀.”